Ẹ Má Fi Ìyà Àwọn Bàbá Wa Polówó Ẹran



Mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi lórí ìpolówó tí àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko ní òkè òkun máa ń ṣe. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọjà tí àwọn wọ̀nyí ń polówó kì í ṣe gààrí, kì í sì í ṣe aṣọ. Àánú ni. Àánú kò sì rọrùn láti tà fún ẹni tó ti jẹun yó. Ọ̀nà méjì ni mo rí tí wọ́n ń gbà tà á: ọ̀kan wọ̀ mí lọ́kàn, èkejì bí mi nínú.

Ní 1980, ọkùnrin kan wà ní New York tó ń jẹ́ Henry Spira. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun rí, ó sì ti ṣe tíṣà. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ Revlon tó ń ṣe àtíkè àti ìpara ń dán ọjà wọn wò lójú ehoro, bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń ṣe. Wọn á há ehoro mọ́ ibì kan kó má lè fi ẹsẹ̀ nu ojú, wọn á kán nǹkan náà sí i lójú, wọn á wá máa wò ó fún ọjọ́ mélòó kan bóyá ojú yóò pọ́n ni, àbí yóò fọ́. Omijé ehoro kò sì pọ̀ tó tiwa tí ì bá fi fọ̀ ọ́ dànù. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún náà, Spira àti àwọn tó tì í lẹ́yìn ra odidi ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn The New York Times. Kí ni wọ́n fi síbẹ̀? Ehoro funfun kan tí wọ́n fi nǹkan bò lójú méjèèjì, àti ìbéèrè kan: ehoro mélòó ni Revlon ń fọ́ lójú nítorí ẹwà? Wọ́n ní kí òǹkàwé kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà pé òun kò ní ra ọjà wọn mọ́, àfi tí wọ́n bá náwó láti wá ọ̀nà mìíràn.

Ẹ wo ọgbọ́n, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ta ni ọṣẹ kò kó sí lójú rí? Àwọn bàbá wa náà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó máa fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ìpolówó yẹn kò ní kí obìnrin má kun ètè mọ́, kò sì bú ẹni tó ń jẹ ẹran. Nǹkan kan ló bi wọ́n, nǹkan kan ló ní kí wọ́n ṣe, òótọ́ sì ni ohun tó sọ. Kí ọdún náà tó parí, Revlon ti gbé 750,000 dọ́là kalẹ̀ fún Yunifásítì Rockefeller láti fi wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà tó di 1989, wọ́n kéde pé àwọn ti jáwọ́ nínú dídán ọjà wò lára ẹranko.

Ẹ wá wo èkejì. Ẹgbẹ́ PETA ti Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e jáde ní 2005. Wọ́n mú fọ́tò àwọn aláwọ̀ dúdú tí àwọn aláwọ̀ funfun so kọ́ sórí igi, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò màlúù tí wọ́n gbé kọ́ ní odò ẹran, wọ́n wá ń bi aráyé bóyá ẹranko ni ẹrú tòde òní. Ìlú kan dé ìlú kan ni wọ́n ń gbé e kiri. Nígbà tó dé New Haven, àwọn aláwọ̀ dúdú fárígá, ẹgbẹ́ NAACP dá sí i, PETA sì ní láti dá ìrìn náà dúró ná. (Ní 2003 wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ sí àwọn Júù. Ilé ẹjọ́ Jámánì kà á léèwọ̀, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù sì gbè wọ́n lẹ́yìn ní 2012.)

Mo gbọ́ àwíjàre wọn o. Wọ́n ní àwọn kò pe ènìyàn dúdú ní ẹranko, pé irú ọkàn tó ń fi ìyà jẹ ènìyàn náà ló ń fi ìyà jẹ ẹranko. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n ìpolówó kì í ṣe ìwé tí ènìyàn jókòó kà lálẹ́, jàre. Ojú ti rí i tán kí àlàyé tó dé. Èébú yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ohun ìní àwọn olóko Amẹ́ríkà láyé òwò ẹrú, ẹ ó rí orúkọ ẹrú àti iye màlúù lójú ewé kan náà, pẹ̀lú iye owó tí wọ́n dá lé oníkálukú. Ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kó gba orí òkun lọ. Ṣé ẹni tí wọ́n so bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ sórí igi ló máa dúró níwájú fọ́tò yẹn kó máa ṣàánú màlúù?

Gbogbo ohun tí mo kà nípa ọ̀rọ̀ New Haven, ariwo èébú náà ló kún inú rẹ̀. N kò rí ibi tí ẹnìkan ti béèrè bí wọ́n ṣe ń pa màlúù yẹn.