KÍ A TÓ FI OWÓ ÀJẸṢẸ́KÙ RA ỌKỌ̀ ÌPẸJA

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé wa dé ojú ewé yìí lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti àṣerégèé àwọn ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Ẹni tí kò bá wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó kọjá lè rẹ́rìn-ín, kí ó ní kí ni ó pa Ọ̀fàdà, ìlú ìrẹsì, pọ̀ mọ́ òkun. Owó tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí ó fara balẹ̀ kà á.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Àwọn kan nínú wa rí ọkọ̀ ìpẹja àlòkù kan ní etí òkun, lọ́nà Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, wọ́n sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ rà á. Àwọn mẹ́rin nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò máa bá àwọn apẹja tí ó mọ iṣẹ́ lọ sójú òkun nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ yóò máa gba ìpín tirẹ̀ lóṣooṣù títí owó yóò fi padà. A kò lòdì sí èrò yìí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wí pé kí owó àjẹṣẹ́kù má kàn jẹ́ èyí tí a ń yá láti fi ra tẹlifíṣọ̀n àti aṣọ ẹbí, kí ó lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ ìlú wọn dó ní 1947, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: àpò kan ni gbogbo ìlú ń ná nígbà náà, wọ́n ń pẹja pọ̀, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọmọ omi ni wọ́n. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kàn. Àwa kò mọ ohun tí a fẹ́ rà.

Ohun tí ó bí wa nínú ni ìròyìn tí àwọn tí a rán lọ wò ó mú bọ̀. Wọ́n ní ọ̀dà rẹ̀ ń dán, pé búlúù àti pupa ni, pé wọ́n ya ẹja sí iwájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ń tà á jẹ́ ọmọlúàbí, ó tilẹ̀ di ẹja gbígbẹ fún wọn. Ẹ gbà wá! Obìnrin wo ní Ọ̀fàdà ni yóò ra àpò ìrẹsì nítorí pé àpò náà mọ́? Ọwọ́ ni yóò tì bọ ìsàlẹ̀ àpò, yóò bù ú jáde, yóò fẹ́ ẹ, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò ju díẹ̀ sẹ́nu láti mọ̀ bóyá òkúta wà níbẹ̀. Owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan péré ni ó sì ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa awakọ̀ ni ó yẹ kí ojú tì jù. Ẹ kò tíì gbàgbé bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tí ẹgbẹ́ rà. Ọ̀dà tirẹ̀ dán ju ti ọkọ̀ yìí lọ. Oṣù kẹta tí ó dé ọwọ́ wa ni ṣáásí rẹ̀ là sí méjì lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí a wá rí i pé pọ́tì àti páànù ni wọ́n fi dí ibi tí ó ti jẹ, tí wọ́n sì kun ọ̀dà lé e lórí. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni kò kú. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n bú wa, wọ́n wọ ọkọ̀ mìíràn lọ. Lójú òkun, ilẹ̀ wo ni èrò yóò bọ́ sí?

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Nítorí pé a kì í ṣe ọmọ omi, a lọ bá àwọn tí ó jẹ́ ọmọ omi. Ọjọ́ ìsinmi méjì ni a fi jókòó ti àwọn apẹja àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń kan ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí ti mẹkáníìkì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi wá ni pé, ṣé ojú ọ̀sà ni ọkọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́ ni àbí ojú òkun? A kò mọ̀. Àwọn tí a rán kò béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga, lè lo ọdún pípẹ́ lójú ọ̀sà láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, kí ìgbì òkun àkọ́kọ́ sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọkọ̀ òkun gbọ́dọ̀ ga níwájú kí ó lè gun orí ìgbì, kí ó má wọ inú rẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án ni òkun wa máa ń le. Ẹni tí ó bá wo ọkọ̀ lọ́jọ́ tí omi dákẹ́ kò tíì rí ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ.

Ọ̀rọ̀ igi rẹ̀ ni wọ́n pẹ́ lé lórí jù. Wọ́n ní kí a má wo ọkọ̀ nínú omi nìkan. Kí a ní kí wọ́n fà á sórí iyanrìn, kí wọ́n kó àwọ̀n àti gbogbo ẹrù kúrò, kí wọ́n gbé pákó tí ènìyàn ń tẹ̀ nínú rẹ̀ sókè, kí ó gbẹ. Kí a wá mú òòlù kékeré, kí a máa fi kan pákó kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí a ti ń fi ìka kan ìkòkò lọ́jà. Igi tí ó yè yóò dún ko-ko-ko. Èyí tí ó ti jẹrà yóò dún bí ẹni tí ó fi ọwọ́ gbá ìrọ̀rí. Níbi tí ó bá ti dún báyìí, kí a fi orí ọ̀bẹ gún un. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ìgbà tí a gún iṣu sísè, kò tún sí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ń ta ọkọ̀ tí kò sì jẹ́ kí a fi ọ̀bẹ kàn án, ó ti dá wa lóhùn.

A rò tẹ́lẹ̀ pé omi iyọ̀ ni ó ń mú igi jẹrà. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí wa. Omi òjò ni, pàápàá níbi tí ó bá ti rọ́ jọ tí atẹ́gùn kò dé: abẹ́ pákó iwájú, igun ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ àwọn igi tí ó tò bí egungun ìhà nínú ọkọ̀. Ti omi iyọ̀ ni kòkòrò. Kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí ń lu igi; ihò tí ó bá gbà wọlé kò ju orí píìnì lọ, ṣùgbọ́n bí ó ti ń jẹ lọ nínú ni ihò náà ń fẹ̀, títí inú pákó yóò fi dà bí afárá oyin tí ojú òde yóò sì máa dán bí ti ọkọ̀ tí wọ́n yìn fún wa yìí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ igi tí wọ́n fi kàn án. Ìrókò àti òpepe máa ń pẹ́ nínú omi. Òpepe ni wọ́n tilẹ̀ máa ń rì mọ́lẹ̀ sí èbúté. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gbẹ́, àwọn apẹja Gánà sì ń gbẹ́ ọkọ̀ ńlá láti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ni ó ń jẹ́ kí ó pẹ́. Kí a wo ìṣó náà. Bí omi ìpẹtà bá ti ń ṣàn wálẹ̀ láti ojú ìṣó, irin inú rẹ̀ ti ń tán lọ. Pákó méjì tí ó yẹ kí ó so pọ̀ kò so pọ̀ mọ́, ọ̀dà ni ó dì wọ́n mú.

Lẹ́yìn èyí kí wọ́n tì í sínú omi, kí a sun ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kí a sun ibẹ̀. Ọkọ̀ igi tí ó bá ti gbẹ lórí iyanrìn yóò jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, nítorí pé igi yóò mu omi, yóò wú, ojú rẹ̀ yóò sì pàdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di òru kejì tí omi ṣì ń wọlé bákan náà, àìsàn ni. “Gbogbo ọkọ̀ ni ń jò” ni ẹni tí ń tà á sọ fún àwọn tí a rán. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ mọ iye korobá tí a ó gbọ́n láàárọ̀, kí a kà á, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní ènìyàn mẹ́wàá ni ó ń gbà, pẹ̀lú àwọ̀n àti yìnyín. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ń tà á náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí rán wa létí ìtàn kan tí a kọ́ ní kíláàsì alẹ́. Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Samuel Plimsoll. Kì í ṣe atukọ̀. Oníṣòwò èédú ni, ó sì jẹ́ aṣòfin. Ó rí i pé àwọn olówó kan ń di ẹrù kún ọkọ̀ tí ó ti gbó, pé bí ó bá rì wọ́n á gba owó adójútòfò, àwọn atukọ̀ ni yóò sì kú. Ọkọ̀ pósí ni àwọn ènìyàn ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1875 ó fi ìbínú pariwo mọ́ àwọn olówó ọkọ̀ nínú ilé aṣòfin gan-an, nígbà tí ó sì di 1876 òfin jáde pé kí wọ́n fi àmì sí ara ọkọ̀, kí ó máa fi ibi tí omi kò gbọdọ̀ kọjá hàn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín: òfin náà fi í sílẹ̀ fún olówó ọkọ̀ láti yan ibi tí yóò fi àmì náà sí! Ó di 1890 kí òfin mìíràn tó gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Àwọn awakọ̀ wa tí ń gbé kọ̀ǹténà ní Àpápá ti rí àmì yìí lára ọkọ̀ ńlá, òbìrìkìtì tí ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Òṣìṣẹ́ púpọ̀ ni ó bómi lọ kí ìlà yẹn tó dé ibẹ̀.

Nítorí náà a kò gba “mẹ́wàá” lẹ́nu ẹni tí ń tà. Kí a kó àpò iyanrìn sínú ọkọ̀ náà nítòsí èbúté títí yóò fi wúwo tó ènìyàn, epo, yìnyín àti àwọ̀n tútù (àwọ̀n tútù o, kì í ṣe gbígbẹ), kí a wo bí etí ọkọ̀ ti ga tó lókè omi. Kí àwọn mẹ́ta wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ tí ó dára yóò tẹ̀, yóò sì tètè padà. Èyí tí ó bá tẹ̀ tí ó ń ronú kí ó tó padà kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń gbé ọmọ ẹni sí. Ní oṣù kẹfà 2023, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọkọ̀ tí ó ń kó àwọn èrò bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Odò ni ìyẹn, kì í ṣe òkun.

Ti ẹ́ńjìnì, kò sí ohun púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò kọ́ àwa. Kí a bá a ní tútù. Ẹni tí ó bá ti gbé e gbóná dè wá ń fi nǹkan pamọ́. Kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, kí omi tí ń tu ú lára máa tú jáde geerege. Kí a di ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì mú, kí a mì í sókè sódò, kí a wo pátákó ẹ̀yìn tí ó so mọ́: bí pátákó náà bá ń bá a mì, ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà yóò ti là. Kí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì bá ìwé rẹ̀ mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọlọ́pàá ni yóò bá wa pín ẹja.

Ohun kan kù tí kò sí ẹni tí ó mẹ́nu bà á ní ìpàdé. Nínú àwọn ará wa mẹ́rin tí yóò wọ ọkọ̀ yìí, ẹnì kan péré ni ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹni kan nínú wọn sì ti kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà láífù-jákẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àfikún, ara owó ọkọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìdákọ̀ró àti okùn rẹ̀, àjẹ̀ méjì fún ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì bá kọ̀, àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu pa tí a so mọ́ abẹ́ ìjókòó, kí ọkọ̀ lè máa léfòó bí omi bá tilẹ̀ kún un. Iná náà ńkọ́? Òfin ìpẹja òkun ti 1992 ní kí àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n má ṣe pẹja láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun, bíi kìlómítà 9; ti àwọn ọkọ̀ kékeré ni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja sọ fún wa pé wọ́n ń yọ́ wọlé lóru. Ọkọ̀ ńlá kò ní rí ọkọ̀ pákó tí kò tan iná.

Wọ́n ń sọ fún wa pé kí a yára, pé oníbàárà mìíràn ń bọ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oníbàárà náà ti ń bọ̀.

Èrò tiwa nìyí, a ó sì sọ ọ́ ní ìpàdé. Kí akápò má fọwọ́ sí sọwédowó kankan títí wọn yóò fi fa ọkọ̀ náà sórí iyanrìn. Kí ẹgbẹ́ fi owó ara rẹ̀ san gbẹ́nàgbẹ́nà tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó má jẹ́ ẹni tí ẹni tí ń tà mú wá. Kí a wá àwọn tí ó ti bá ọkọ̀ náà pẹja rí, àwọn tí ń gbọ́n omi inú rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n ju olówó rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí a bá sì fẹ́ dán an wò lójú òkun, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí sọwédowó ni kí ó wà nínú ọkọ̀, àwa náà pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ náà bá yege, a ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bí kò bá yege, owó mọ́tò àti owó gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan ni a pàdánù.

Ọjọ́ Sátidé tí ó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ìpàdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ sun etíkun, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ó sì mú aṣọ ìbora dání.