Kí ẹ tó ra blẹ́ńdà kékeré yẹn

Ìyá kan tó ń gbé ní Jọ́ọ̀sì ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní kí wọ́n bá òun ra blẹ́ńdà kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe smoothie, tí èèyàn á lọ èso sínú ife, tí á sì tún mu ún nínú ife kan náà. Wọ́n ní àwọn dé ọjà, oríṣiríṣi tí àwọn rí níbẹ̀ kò lóǹkà, owó wọn kò sì bára mu rárá. Èwo ni kí àwọn rà tí kò ní í gbaná mọ́ ọmọ lọ́wọ́?

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ká ní ẹnì kan ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún èmi náà ní ọdún méjì sẹ́yìn ni, ǹ bá má da ₦14,000 sómi, ǹ bá má sì rí ohun tí mo rí.

Ìyá mi ti lé ní ẹni ọdún 78. Eyín tó kù lẹ́nu wọn kò pé mẹ́wàá. Wọ́n fẹ́ràn èso gan-an, àmọ́ ọ̀pẹ òyìnbó ti di ohun tí wọ́n ń fi ojú lásán jẹ. Nígbà tí wọ́n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, mo ra blẹ́ńdà kékeré kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Páálí rẹ̀ fani mọ́ra. Wọ́n ya èso sí i lára, wọ́n kọ 1000 wáàtì gàdàgbà síwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo lọ ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ yìnyín díẹ̀, mo gbé e fún wọn. Wọ́n mu ún dé ìdajì, ni wọ́n bá dákẹ́. Wọ́n ki ìka bọ ẹnu, wọ́n yọ nǹkan kan jáde, wọ́n sì gbé e lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Etí abẹ blẹ́ńdà ló kán. Kò tóbi ju èékánná ọmọ tuntun lọ, ó sì mú bí abẹ ìfárí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé irin lo wá ní kí n máa mu báyìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni mo gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì ya fọ́tò inú wọn. Ọlọ́run bá mi ṣe é, kò sí òmíràn níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọkùnrin yẹn ti kó ọjà rẹ̀ lọ síbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò fún mi ní rìsíìtì.

Láti ìgbà náà, ìdí blẹ́ńdà ni mo kọ́kọ́ máa ń yí sókè kí n tó wo ojú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ìpolówó ni. Ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́. Orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni irú iná tó ń lò àti iye wáàtì rẹ̀. Tiwa ní Nàìjíríà, 220–240 V àti 50 Hz ló yẹ kí ẹ rí. Bí ó bá jẹ́ 120 V nìkan ni wọ́n kọ, ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n tó fi ránṣẹ́ sí yín ṣeun, àmọ́ bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìsí tiransífọ́mà tó ń dín iná kù, èéfín ni ẹ máa rí, ẹ ò ní í rí smoothie. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ sí ìdí èyí tí mo rà? 180 wáàtì. Ọjọ́ tí abẹ kán ni mo tó yí i wò.

Wáàtì nìkan kọ́ ló ń lọ èso, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó. Fún èso rírọ̀ bí ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú wàrà, 250 sí 300 wáàtì tó. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ yìnyín, ẹ̀pà, àgbọn tàbí ọ̀fíò (ẹ̀yin ará Òkè Ọya tí ẹ fẹ́ràn kunun aya, ẹ̀yin ni mò ń bá wí), kó wá 600 sókè. NutriBullet àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ yìí ń fara wé, 600 wáàtì ni. Èyí tí wọ́n pè ní Pro jẹ́ 900. N kò ní kí ẹ lọ rà á o, mo kàn fẹ́ kí ẹ ní ohun tí ẹ ó máa fi wọn àwọn yòókù ni. Bí ẹ bá sì rí ọ̀rọ̀ náà "peak" lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye wáàtì, ẹ mọ̀ pé agbára tí ẹ́ńjìnnì lè ta fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe èyí tó máa fi ṣiṣẹ́ fún yín láràárọ̀.

Abẹ ló kàn. Ẹ ní kí ọlọ́jà tú u, kí ẹ wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Irin tí kì í dípẹtà ni kó jẹ́, kó sì nípọn. Ẹ fi ìdí bírò rọra tì í, ẹ má fi ìka tì í. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ máa mì sọ́tùn-ún sósì. Abẹ tó bá fẹ́lẹ́ bí ìdérí agolo mílíìkì, tí ẹ wá ń fi lọ yìnyín, etí rẹ̀ á máa kán díẹ̀díẹ̀ láìsí pé ẹ mọ̀. Nínú ilé náà, ẹ sọ ọ́ di àṣà láti wo abẹ yìí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé etí rẹ̀ ti ya tàbí ó ti sán, ọjọ́ náà ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà bóyá ó ń ta abẹ àti rọ́bà rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kò bá ní in, tí kò sì mọ ẹni tó ní in, ẹ̀rọ tí ẹ máa jù nù láìpẹ́ ni ẹ fẹ́ rà yẹn.

Ẹ má rò pé ọjà ẹ̀gbẹ́ títì nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nǹkan bíi 4.8 mílíọ̀nù blẹ́ńdà BlendJet 2 ni wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn tó rà á má lò ó mọ́, nítorí pé ó lè gbóná jù kó sì gbaná, abẹ rẹ̀ sì lè kán kúrò. Ẹ̀rọ tó lókìkí ni, owó gidi ni wọ́n sì ń tà á. Bí ẹbí yín lókè òkun bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n rà á.

BlendJet 2 yẹn, bátìrì ló ń lò, mo sì fura pé irú rẹ̀ gan-an ni ọmọ àgùnbánirọ̀ wa ń wò. N kò dá a lẹ́bi. Níbi tí wọ́n fi í sí, bóyá iná ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé bátìrì inú rẹ̀, irú ti fóònù ni, ó sì kórìíra omi àti ooru. Kó má ti ìdí rẹ̀ bọ omi nígbà tó bá ń fọ̀ ọ́. Kó fi aṣọ tútù nù ún, kó sì jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí i gbẹ dáadáa kó tó ki okùn bọ̀ ọ́. Kó má gba iná sí i lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí kó fi í sílẹ̀ mọ́jú. Kó má gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan. Bí ó bá wú, tàbí tó ń rùn bíi rọ́bà tó jóná, kó gbé e síta kúrò nínú ilé, kó má sì gbìyànjú láti tún un ṣe. Lékè gbogbo rẹ̀, kó má fi lọ yìnyín. Agbára rẹ̀ kò gbé e. Èso tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú omi tàbí wàrà tó pọ̀ díẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò ní í dárí rẹ̀ ji blẹ́ńdà kankan, ìbáà jẹ́ ti bátìrì, ìbáà jẹ́ ti NEPA. Ẹ ní kí ọlọ́jà gbé ife kúrò lórí rẹ̀, kó wá tẹ ẹ́. Kò gbọdọ̀ yí rárá. Bí ó bá yí, ẹ dá a padà fún un kí ẹ sì máa lọ, bó ti wù kó pọ́n wọn. Ti bátìrì ló léwu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ara ìdí rẹ̀ ni abẹ wà. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá rí bọ́tìnì tó ń tan iná búlúù, ṣé ẹ rò pé kò ní í tẹ̀ ẹ́?

Ọ̀rọ̀ nǹkan gbígbóná wá wà nílẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Aládùúgbò mi kan sọ ata kalẹ̀ lórí iná, kò jẹ́ kó tutù, ó dà á sínú ife blẹ́ńdà kékeré rẹ̀, ó dé e pa, ó sì lọ̀ ọ́. Ìgbà tó fẹ́ ṣí i ló bú gbàmù sí i lójú àti láyà. Blẹ́ńdà ńlá tó ní jọ́ọ̀gì máa ń ní ihò kékeré lórí ìdérí rẹ̀ tí ooru lè gbà jáde. Ife ti kékeré yìí kò ní ihò kankan, torí ńṣe ni wọ́n ń dojú rẹ̀ délẹ̀. Ooru tó bá wà nínú rẹ̀ kò ríbi gbà, yíyí tí abẹ sì ń yí tún ń dá ooru kún un. Nítorí náà, ata gbígbóná, ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ gbígbóná, ìkankan wọn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Èso tútù pàápàá, ẹ má lọ̀ ọ́ kọjá ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ìjàm̀bá bá sì ṣẹlẹ̀, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi sí ojú ibi tó jó fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ gbọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ẹyin pa á, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ẹyin ni wọ́n fi pa ti aládùúgbò mi lára kí n tó dé.

Nípa iná tiwa yìí, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ gbéra, ó máa ń fa iná ju iye tí wọ́n kọ sí i lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n lè má gbé blẹ́ńdà 600 wáàtì mọ́ wọn. Ẹ pa àwọn yòókù ná. Bí iná NEPA bá sì lọ sílẹ̀ tí gílóòbù ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń kùn tí kò lè yí, jíjó ló ń jó yẹn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ nǹkan, yìnyín ló ń kọ́kọ́ wọ ife, èso rírọ̀ tẹ̀ lé e, omi tàbí wàrà ló ń kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá dojú ife náà délẹ̀, yìnyín ni yóò wá jìnnà sí abẹ jù lọ, omi á sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹ má kún un ju ojú ìlà tí wọ́n fà sí i lọ. Ẹ máa yọ rọ́bà tó yí abẹ ká láti fọ̀ ọ́, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni èérí dúdú ń sá pamọ́ sí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò kí ọwọ́ yín tó súnmọ́ abẹ. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà kó rántí pé ṣúgà inú èso kò sá lọ nígbà tí ẹ lọ̀ ọ́, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ iye tó lè mu.

Ẹ gba rìsíìtì. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe wá bíi pé à ń fi ẹ̀sùn olè kan ọlọ́jà, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá débi pé ẹ fẹ́ gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, kí ni ẹ máa gbé dání? Èmi kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju irin bíńtín yẹn lọ. Ó ṣì wà nínú àpò owó mi.

Mo tún ra òmíràn nígbà tó yá, 600 wáàtì, láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ta abẹ rẹ̀ lọ́tọ̀. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ, oṣù méjì ni mo sì fi tọ́jú owó náà. Bí Màámi bá wá, ìbẹ́pẹ, ààbọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, wàrà àti atalẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, láìsí ṣúgà. Wọn kì í gbé ife náà sẹ́nu o, àfi bí mo bá kọ́kọ́ fọ abẹ náà tí mo gbé e wá sí iwájú wọn. Wọ́n á wọ gíláàsì wọn, wọ́n á ka ẹnu abẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́fà. Ó pé. Gbé e wá."