Àdúrà Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ fún Ìdílé Ológun



Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, a sì ní wọn láàrin ìjọ. Bí àṣẹ bá dé pé kí ọ̀kan nínú wọn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún oṣù mélòó kan, a máa ń gbé ọwọ́ lé e lórí, a ó sì gbàdúrà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í bi í: bí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ bá jẹ́ ti ìgbéyàwó ìṣáájú, ta ni yóò ní àṣẹ lórí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ?

Àwọn àgbà ní ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Òótọ́ ni láàrin wa, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà kì í ka igba ojú. Ìyàwó bàbá tàbí ọkọ ìyá lè ti tọ́jú ọmọ fún ọdún mẹ́wàá. Ìgbéyàwó nìkan kò sọ ọ́ di òbí lójú òfin. Ilé ìwòsàn tàbí ilé-ìwé lè ní kí ó lọ mú ìwé wá.

Nítorí náà ni àwọn ọ̀gá ológun fi ń béèrè ètò ìtọ́jú ìdílé lọ́wọ́ ẹni tó bá wà ní irú ipò yìí. Ẹ má ṣe rò pé ìwé yẹn lè borí ìdájọ́ kóòtù, kò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ìwé aṣojú kún un, kí ẹ sì sọ fún òbí kejì. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, adájọ́ lè fún ìyàwó bàbá tàbí ọkọ ìyá ní àṣẹ ìgbà díẹ̀. Láti 2014 ni òfin ìjọba àpapọ̀ sì ti sọ pé lílọ ológun nìkan kò tó ìdí láti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé.

Owó ìtọ́jú ọmọ ńkọ́? Lílọ sí òkèèrè kì í dá a dúró. Bí owó oṣù rẹ yóò bá yí padà, tọ kóòtù lọ kí o tó gbéra, nítorí láti 1986 ni òfin kò ti jẹ́ kí adájọ́ padà dín gbèsè tó ti pé kù.

Àwọn kan yóò ní kíkọ ìwé pẹ̀lú ìyàwó àná dà bí àìnígbàgbọ́. Rárá o. Jósẹ́fù kọ́ ló bí Jésù, síbẹ̀ òun ló sọ ọ́ lórúkọ, òun ló sì gbé e sá lọ sí Íjíbítì. Ó gba iṣẹ́ náà pẹ̀lú àṣẹ tó yẹ iṣẹ́ náà. Ẹni tí a bá gbé ọmọ lé lọ́wọ́ láìsí àṣẹ àti láìsí owó, a ti rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó bá sì fi ìrìn-àjò ogun bo ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀ lójú, ìrẹ́jẹ ni òun náà ṣe.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé ológun lórí, ẹ bi í nípa ìwé ọmọ rẹ̀. Àwọn lọ́yà wà nínú bárékè tí kì í gba owó lọ́wọ́ ológun.

Kí Olúwa pa àwọn tó lọ mọ́, kí ó sì pa àwọn ọmọ tó ń dúró dè wọ́n mọ́. Àmín.