Kí wọ́n tó ní ayé ló ń ṣe é: Ìyà tí eégbọn ara màlúù ń fi jẹ ènìyàn

Orúkọ òpópónà tó so Ajégúnlẹ̀ mọ́ Àpápá l'Ékòó ti tó ìtàn sọ. Malu Road ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà màlúù. Lógúnjọ́, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí òfin tó ka fífi màlúù jẹko ní gbangba léèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Òfin lè lé màlúù kúrò lójú títì lóòótọ́, ṣùgbọ́n eégbọn tó so mọ́ ọn létí kò mọ òfin. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń já màlúù sílẹ̀ nínú tírélà, tí àwọn alápatà ti ń dè é mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni eégbọn ti lè gba ara màlúù bọ́ sára ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé wàhálà ajá àti màlúù nìkan ni eégbọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1964, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ n'Íbàdàn rí kòkòrò àrùn kan lára eégbọn màlúù, wọ́n sì fi orúkọ àdúgbò Dùgbẹ̀ pè é. Ibà ló ń fà. Lọ́dún 1966, wọ́n tún rí òmíràn tí eégbọn ń gbé kiri, Thogoto, lára ènìyàn méjì ní Nàìjíríà. Ọ̀kan ní yírùnyírùn, ó sì kú. Èkejì, iṣan ojú rẹ̀ méjèèjì ni àrùn náà bá jà.

Ṣùgbọ́n èyí tó ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu jù ni ti àìsàn tí wọ́n ń pè ní alpha-gal. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Platts-Mills àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia, l'Amẹ́ríkà, ló tú àṣírí rẹ̀ lọ́dún 2009. Ṣúgà kan wà lára ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bíi màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, tí kò sí lára ènìyàn, tí kò sí lára adìẹ àti ẹja. Bí irú eégbọn kan bá géni jẹ, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ṣúgà yìí sí ọ̀tá. Láti ọjọ́ náà, ẹran tí onítọ̀hún ti ń jẹ láti kékeré lè di ohun tí yóò máa bá a jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyí: ìjà náà kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí méjì sí mẹ́fà. Ẹni tó jẹ ẹran lálẹ́ lè sùn, kó wá jí lóru pẹ̀lú ara yíyún, inú rírun, èébì, ètè wíwú, tàbí kí èémí má dán mọ́rán mọ́. Nílẹ̀ wa, ta ni yóò rántí eégbọn? Wọn yóò ní ó jẹ májèlé, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Bí wọ́n bá ń wá ọ̀tá kiri, ẹni tí èémí ń há lè kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìyẹn kì í ṣe àsọdùn. Lọ́dún 2023, àjọ CDC l'Amẹ́ríkà ní àwọn tí wọ́n fura pé wọ́n ní in láàárín 2010 sí 2022 lé ní 110,000. Ọkùnrin kan ní New Jersey jẹ ẹran màlúù lọ́dún 2024, ó kú láàárín wákàtí mélòó kan. Ọdún 2025 ni wọ́n tó mọ̀ pé alpha-gal ni. Kì í ṣe àìsàn òyìnbó nìkan, wọ́n ti rí i lára àwọn ará abúlé ní Eastern Cape, ní South Africa. Eégbọn tó wọ́pọ̀ lára màlúù Nàìjíríà, Amblyomma variegatum, àti èyí tó ń dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà, ìran kan náà ni wọ́n.

Nítorí náà, kí alápatà àti ẹni tó ń da màlúù máa yẹ ara wọn wò nírọ̀lẹ́. Bí eégbọn bá ti so mọ́ ara, kí wọ́n má fi iná jó o, kí wọ́n má sì da kẹrosíìnì sí i. Kí wọ́n fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti kan awọ, kí wọ́n fà á jáde tààrà. Ẹni tí ẹran bá ń yọ lẹ́nu lóru, kó sọ ti eégbọn fún dókítà, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún un.

Àwọn àgbà ní eégbọn so mọ́ ayìnrín lẹ́nu, wọ́n ní kí adìẹ wá sà á jẹ. Adìẹ mọ̀ pé oúnjẹ ayìnrín lòun náà. Adìẹ mọ ohun tó lè pa á. Ó yẹ kí ènìyàn náà mọ̀ ọ́n.