Bólútì Kì í Ṣe Tẹ́ńṣánà

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n ní Sábọ̀n Gàrí àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ẹni tí ń gun alùpùpù, ó sì kan ẹni tí ń tún un ṣe, irú àwọn méjèèjì sì pọ̀ láàrin wa. Mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú àṣà kan: kí mẹkáníìkì máa fi bólútì gígùn ti ṣéènì táímìn pa nígbà tí tẹ́ńṣánà bá ti kú.

Nínú ẹ́ńjìnì bíi ti Bajaj Boxer, ṣéènì kan wà tí ó ti ara kíráńkì lọ sí ara ọ̀pá òkè tí ń ṣí fáàfù. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pá òkè a yí lẹ́ẹ̀kan péré. Ìṣirò yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ṣéènì ti ń ṣiṣẹ́ ni oríkèé rẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gùn sí i. Tẹ́ńṣánà ni ó ń fi sípíríǹgì ti rọ́bà tí ó fara ti ṣéènì, kí ó má baà dẹ̀. Bí ṣéènì bá ti ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ni ó ní ohun èlò yìí. Honda CG125, tí ó jáde ní 1976, ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti fáàfù dípò ṣéènì. Suzuki AX100, tí ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, kò lò ó rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba owó tẹ́ńṣánà lọ́wọ́ onírú alùpùpù wọ̀nyí, olè ni.

Àmì àìsàn rẹ̀ kò fara sin. Ẹ ó gbọ́ ariwo ṣákáṣáká ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, pàápàá ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù. Ọ́ìlì tí ó ti dúdú, tí a kò pààrọ̀ lásìkò, a máa mú kí ó tètè dé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí: pé kò sí owó, pé bólútì a máa pa ariwo náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí ọlọ́kadà yóò sì rí owó oúnjẹ ọjọ́ náà. Òótọ́ ni. Àwọn àgbà wí pé àbùlẹ̀ ni í mú aṣọ tọ́, ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ kan wà tí ń fa aṣọ ya. Bólútì kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ti ṣéènì àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dẹwọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, irin rẹ̀ a wú, ṣéènì a le ju bí ó ti yẹ lọ, a sì máa jẹ rọ́bà náà. Bí ó bá tún dẹ̀ títí tí ó fi fo eyín, písítìnì yóò lu fáàfù. Nígbà náà, owó kékeré tí a ṣọ́ yóò di owó orí ẹ́ńjìnì, alùpùpù tí ẹlòmíràn kò tíì san owó rẹ̀ tán yóò sì dùbúlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí. Kí mẹkáníìkì yí kíráńkì títí àmì T ara màgínẹ́ẹ̀tì yóò fi bá àmì ara ilé ẹ́ńjìnì mu, kí fáàfù méjèèjì sì wà ní pípadé. Bí ó bá ti tú tẹ́ńṣánà kúrò, kí ó má ṣe yí ẹ́ńjìnì mọ́. Kí ó ti orí tẹ́ńṣánà tuntun wọlé, kí ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, kí ó dè é tán, kí ó tó jẹ́ kí sípíríǹgì ta jáde. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọwọ́ yí kíráńkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kí ó tún wo àmì náà, kí ó tó sítáàtì rẹ̀. Bí ṣéènì fúnra rẹ̀ bá ti jẹ jù, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Tẹ́ńṣánà tuntun kò lè wo ògbólógbòó ṣéènì sàn.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tí ó ni alùpùpù máa béèrè ògbólógbòó irin tí a tú kúrò, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kí ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì sì má ṣe fún ọmọ iṣẹ́ ní fírídọ̀ọ̀mù títí yóò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí láìlo bólútì.

Àwọn baba wa bá rélùwéè gòkè Ọya, iṣẹ́ ọwọ́ àti òtítọ́ ni wọ́n fi rí ibi jókòó sí. Bí ẹ́ńjìnì onílé bá fọ́ nítorí ẹ̀tàn wa, kò ní dárúkọ mẹkáníìkì kan ṣoṣo. Yóò wí pé Yorùbá ni ó bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ orúkọ náà.