Ààfin Inú Kọ̀ǹpútà: Ta Ni Yóò Ṣí Ilẹ̀kùn, Ta Ni Yóò Tì Í?

Ìfáàrà

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè Yorùbá tàbí tí ó ń fi kọ́ni. Ìtumọ̀ tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń fún un ni pé ìpalára lè di àǹfààní, nítorí pé gbogbo ìlú ni yóò péjọ láti tún ilé ọba kọ́, wọn yóò sì kọ́ ọ dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ jáde. Ó gbà pé àwọn tí yóò tún ilé náà kọ́ ṣì mọ bí ó ti rí kí iná tó mú un. Wọ́n mọ iye gbàgede tí ó wà níbẹ̀, wọ́n mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n mọ òpó tí ó dúró níwájú, wọ́n sì mọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti jókòó sí ìdí rẹ̀. Bí ìmọ̀ yìí bá ti bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀ lọ, ilé tuntun lásán ni ìlú yóò kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì lónìí nítorí pé iná nìkan kọ́ ni ó ń jẹ ààfin run. Sìmẹ́ǹtì àti páànù ti gba ipò ògiri amọ̀ àti koríko ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àgbà tí ó lè na ọwọ́ sí ibi kan kí ó sì sọ pé, 'Àkòdì báyìí ni ó wà níbí rí,' ń dín kù lọ́dọọdún. Nítorí náà ni àbá kan fi yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá: pé kí wọ́n kọ́ ààfin Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà, kí ó di ọgbà ìgbafẹ́ tí ọmọdé àti àgbà lè rìn yíká nínú rẹ̀ láìkúrò lórí ìjókòó wọn. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àbá náà dára, ṣùgbọ́n pé èdè ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan, ilé tí kò ní ẹnu ni wọn yóò kọ́.

Bí Iṣẹ́ Náà Ti Ń Rí

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe idán. Bí ènìyàn bá ya fọ́tò ilé kan láti ìhà gbogbo, lókè àti nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà lè kó àwọn fọ́tò náà pọ̀ kí ó sì sọ wọ́n di odindi ilé tí a lè yí po. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ń ta ìtànṣán sára ògiri, tí ó sì ń wọn ibi gbogbo lára rẹ̀ láìṣe àṣìṣe púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, olùwò lè rìn nínú ilé náà lójú kọ̀ǹpútà tàbí kí ó gbé awò ojú kan wọ̀ tí yóò mú un dà bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ gan-an. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cape Town ti ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọn àwọn ilé àtijọ́ Áfíríkà láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nínú èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì alápàáta Lalibela ní Ethiopia àti àwókù ìlú Kilwa ní Tanzania wà.

Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ilé Ẹlòmíràn

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ó yẹ kí a wo ibi tí àwọn mìíràn ti ṣe irú nǹkan yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pẹ́ tí àwọn ìdílé ọlọ́lá ti ń ṣí ilé ńlá àwọn baba wọn fún èrò kí wọ́n lè rí owó tún un ṣe. Ní 1949 ni wọ́n ṣí Longleat; nígbà tí ó di 1966, wọ́n kó kìnnìún wá sí ọgbà rẹ̀ kí èrò lè pọ̀ sí i. Ti Alton Towers ní Staffordshire kọjá bẹ́ẹ̀. Ilé àwọn Earl ti Shrewsbury ni tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tú ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú ilé náà kúrò títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ku ògiri nìkan. Láti 1980 ni òkìkí ibẹ̀ ti kàn gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́ tí èrò ń wọ́ lọ láti gun ọkọ̀ eré tí ń sáré lókè lójú irin. Ilé ṣì dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí eré ni ọ̀pọ̀ èrò fi ń lọ. Eré ti jẹ ilé mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti Kasubi, ní ìlú Kampala ní orílẹ̀-èdè Uganda. Ààfin ni ibẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1882, kí ó tó di ibi tí wọ́n sin Kabaka mẹ́rin ti ilẹ̀ Buganda sí. Ní 2001, UNESCO kà á mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Ní 2009, àjọ CyArk fi ẹ̀rọ wọn ilé náà, wọ́n sì tọ́jú àwòrán rẹ̀. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta ọdún 2010, tí iná jó ilé ńlá náà. Àwòrán inú kọ̀ǹpútà kò jó. Síbẹ̀, àwòrán kọ́ ni ó bo ilé náà padà. Koríko ni wọ́n fi ń bò ó, ìdílé kan sì wà tí iṣẹ́ ìbolé náà jẹ́ àjogúnbá wọn, tí ó ní èèwọ̀ àti ètùtù tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ní láti tún kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ó di 2023 kí UNESCO tó yọ Kasubi kúrò nínú àwọn ogún tí ó wà nínú ewu. Kọ̀ǹpútà lè rántí bí ògiri ti ga tó. Ènìyàn ni ó ń rántí ìdí tí ó fi ga bẹ́ẹ̀.

Ọjà Ọba Ni Kí Wọ́n Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ààfin Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà, ibo ni olùwò yóò ti wọlé? Ẹni tí ó bá fi ilé ọlọ́lá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwòkọ́ṣe yóò gbé ààfin sí àárín pápá àti igi, jìnnà sí ariwo ìlú. Àṣìṣe ńlá ni èyí yóò jẹ́. Àárín ìlú ni ààfin Yorùbá sábà máa ń wà, níbi tí àwọn ọ̀nà ńlá ti pàdé, ọjà a sì wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé Yoruba Palaces tí G. J. Afọlábí Òjó gbé jáde ní 1966 yóò rí i pé a kò lè yọ ààfin kúrò lára ìlú kí ó tún jẹ́ ààfin. Ìdí nìyí tí orúkọ Ọjà Ọba fi wọ́pọ̀ láti Òṣogbo dé Àkúrẹ́, láti Ìbàdàn dé Ìlọrin. Ní Iléṣà, ọjà tí ó ń jẹ́ orúkọ Ọwá Atakúnmọ́sà kò jìnnà sí ààfin Ọwá Obòkun.

Ní Òṣogbo, Ọjà Ọba ni ẹni tí ó bá jáde ní ààfin Àtáọ́ja yóò bọ́ sí. Nítorí náà, láti inú ọjà ni ó yẹ kí olùwò ti bẹ̀rẹ̀: kí ó gbọ́ ìpolówó ọjà, kí ó gbọ́ bí àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń kí ara wọn, kí ó béèrè ọ̀nà kí wọ́n sì fi hàn án. Nígbà tí yóò bá fi dé ẹnu ọ̀nà ààfin, yóò ti mọ̀ pé ọba kò dá wà. Ọba tí kò ní ọjà níwájú kò ní ìlú lẹ́yìn.

Ohun mìíràn tún wà tí Òṣogbo ní tí yóò mú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ lárinrin. Ààfin ibẹ̀ ti ṣí kúrò láti ibì kan dé ibòmíràn. Ìtàn sọ pé láti Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti kó àwọn ènìyàn wọn wá nítorí omi. Inú igbó Ọ̀ṣun ni ààfin àkọ́kọ́ wà, ní ibi tí ojúbọ ńlá Ọ̀ṣun wà títí di òní. Inú igbó náà kan náà ni ààfin kejì wà, kí ìlú tó ṣí jáde, kí ààfin sì tó dúró sí Ọjà Ọba. Igbó yìí tó nǹkan bí hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Kọ̀ǹpútà nìkan ni ó lè jẹ́ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rìn láti ààfin kìn-ín-ní dé ìkẹta ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ìlú ti ń dàgbà. Yóò tún yé e pé Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe àjèjì sí ara wọn.

Èdè Ni Kọ́kọ́rọ́

Bí olùwò bá ti dé ẹnu ọ̀nà, kí ni yóò ṣí i fún un? Nínú ọ̀pọ̀ eré kọ̀ǹpútà, ìbọn tàbí owó ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Nínú ààfin Yorùbá, ìkíni ni. Kí ẹnu ọ̀nà má ṣí títí tí ọmọ náà yóò fi kí àwọn tí ó bá níbẹ̀ bí ó ti yẹ ní àkókò tí ó yẹ. Kí ó mọ̀ pé a kì í fi 'o' bá àgbà sọ̀rọ̀, pé fìlà kì í wà lórí ọkùnrin níwájú ọba, pé ọmọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin a sì máa kúnlẹ̀. Bí ó bá dé Iléṣà, kí ó mọ àwọn ẹmẹsẹ̀ tí í ṣe ìránṣẹ́ Ọwá, kí ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ọba náà ní Obòkun, ẹni tí ó bu omi òkun wá fún Odùduwà baba rẹ̀.

Bákan náà ni orúkọ ohun inú ilé. Bí ẹni tí ó kọ́ ọ bá pe kọ̀bì ní àbáwọlé lásán, ìmọ̀ ti sọnù, nítorí pé kọ̀bì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí a fi ń dá ilé ọba mọ̀ yàtọ̀ sí ilé ará ìlú. Àwọn Ẹ̀dó ti fi ọ̀nà yìí hàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Digital Benin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàfihàn ohun-ọnà tí ó lé ní 5,000, tí ó fọ́n ká àgbáyé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Bìní ní 1897. Àwòrán nìkan kọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀. Wọ́n fi orúkọ tí àwọn Ẹ̀dó ń pe àwọn ohun-ọnà náà sí i, wọ́n sì gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà.

Ilẹ̀kùn Tí Ó Lọ àti Ilẹ̀kùn Tí Kò Gbọdọ̀ Ṣí

Ilẹ̀kùn méjì ni ó yẹ kí àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí máa rántí. Ti àkọ́kọ́ ni ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ní 1924 ni wọ́n gbé e lọ sí ibi ìpàtẹ ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kò padà wálé mọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n sì fún ọba ní àga kan tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀. Ọ̀kan lára àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin náà sì wà ní Chicago. Nínú kọ̀ǹpútà, ilẹ̀kùn àti òpó náà lè padà sí àyè wọn, kí ọmọ Yorùbá rí wọn nínú ilé tí wọ́n ti jáde, kì í ṣe nínú gíláàsì. Èyí kò rọ́pò ìpadàbọ̀ wọn gan-an, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ibi tí àyè wọn ṣófo.

Ilẹ̀kùn kejì ni èyí tí kò gbọdọ̀ ṣí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọgbà ìgbafẹ́ gbọ́dọ̀ fi ohun gbogbo han ẹni tí ó bá san owó. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, Arugbá a máa ru igbá láti ààfin Àtáọ́ja lọ sí odò Ọ̀ṣun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a máa tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tí ń béèrè pé kí wọ́n ṣí igbá náà wò. Bí ó ti ṣe yẹ kí ó rí nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Kí olùwò tẹ̀ lé èrò dé ibi tí èrò dé, kí ó sì dúró níbi tí èrò dúró. Àwọn kan yóò sọ pé èyí yóò mú kí eré náà má dùn tó. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Ọmọ tí ó bá dé ẹnu ilẹ̀kùn tí kò ṣí, tí wọ́n sì sọ fún un pé ọba àti àwọn tí ó yẹ nìkan ni ó ń wọ ibẹ̀, ti kọ́ ohun tí èèwọ̀ jẹ́ ju ohun tí ojú ìwé mẹ́wàá lè kọ́ ọ lọ. Ààfin fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ilẹ̀kùn tí yóò wà ní títì, kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ààfin àti ìlú náà ni ó sì yẹ kí ó ni àwòrán náà, kí ó má di ọjà ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ Tí Ó Wà Lọ́rùn Olùkọ́

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de ìjọba tàbí owó ńlá kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá lè ṣe lónìí:

(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ gba ìyọ̀ǹda ní ààfin ìlú tí ó bá ara rẹ̀, kí ó kọ orúkọ gbàgede, àkòdì àti ojúbọ tí wọ́n bá gbà kí ó kọ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó péye.

(ii) Kí ó fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà àti ìlù àwọn onílù ààfin sílẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ìlù náà ń sọ.

(iii) Kí àwọn olùkọ́ wá ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ náà mu. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ti ṣe irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984. Kò yẹ kí ti kọ̀ǹpútà kọjá agbára àwọn tí ó jogún wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ ni Ọjà Ọba, ọmọ tuntun náà sì ni ààfin tí wọn yóò kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, yálà olùkọ́ Yorùbá bá wọn dá sí i tàbí kò dá sí i. Bí olùkọ́ bá jókòó sílé, wọn yóò kọ́ ọ ní èdè mìíràn, ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó wà ní títì yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu, èyí tí ó yẹ kí ó ṣí yóò sì wà ní títì fún àwọn ọmọ onílé. Bí ó bá dìde, ilé ọba yóò ní ẹni tí ó mọ bí ó ti rí, ẹwà yóò sì lè bù sí i ní tòótọ́.