Ẹnu fèrè ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ má tíì bú ọmọ tó ń fọn ọ́n

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ síbi ìkórè tàbí ìsìnkú àgbàlagbà ní Òṣogbo àti Iléṣà, ó dájú pé ẹ ti rí i rí. Bándì ṣọ́ọ̀ṣì á tò, ìlù á máa dún, tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì á gbé orin, inú gbogbo èèyàn á máa dùn. Àfi kí kílárínẹ́ẹ̀tì ṣàdédé han gooro bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ ọmọ tó gbé e dání. Nígbà tó bá di ìpàdé bándì, ọ̀gá wọn á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o kì í fi nǹkan yìí kọ́ra nílé." Ọmọ á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, sà, ojoojúmọ́ ni mò ń fọn ọ́n." Ta ni yóò gbà á gbọ́? Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n á máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn ará ilé bàbá ọmọ náà ló ń bá a jà. Ẹnu ayé mà gbòòrò o!

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹnu ọmọ ló níṣòro, ẹnu fèrè ni.

Máùtípíìsì làwọn onífèrè ń pè é, ìyẹn dúdú ṣóńṣó tí wọ́n ń fi sẹ́nu. Kò jọ ti tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì rárá. Irú èyí tí olóògbé Victor Ọláìyá fọn títí tó fi di àgbà, ife irin kékeré ló wà lẹ́nu rẹ̀, ètè ẹni tó ń fọn ọ́n gan-an ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Ti kílárínẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Pèlébé kan tí wọ́n gé lára koríko tó jọ oparun, tí wọ́n ń pè ní ríìdì, ni wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ ẹnu fèrè. Afẹ́fẹ́ á gba àlàfo tó wà láàárín ríìdì àti ṣóńṣó ẹnu fèrè, ríìdì á máa gbọ̀n, orin á bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn láti nǹkan bí ọdún 1700, tí Johann Christoph Denner ti ìlú Nuremberg ní Jámánì ti ṣe kílárínẹ́ẹ̀tì jáde. Sákísófóònù náà ń lo ríìdì kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.

Àlàfo yẹn ni gbogbo wàhálà. Ó kéré débi pé ojú lásán kò lè wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ẹnu fèrè Yamaha tí wọ́n kọ 4C sí lára, èyí tí wọ́n máa ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1.05 mìlímítà. Ẹ wá mú B45 ti Vandoren, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tó ti wà láti ọdún 1905, tirẹ̀ jẹ́ 1.195. Bí ẹ bá to bébà ìkọ̀wé méjì léra, ó ti nípọn ju ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́nu kẹ́ ẹ wò ó! Èyí tó fẹ̀ ń fẹ́ èémí púpọ̀ àti ètè tó ti le dáadáa, ríìdì tó rọ̀ ló sì bá a mu. Èyí tí kò fẹ̀ púpọ̀ gba ríìdì tó le díẹ̀, ó sì máa ń rọrùn láti mú un dúró sójú kan. Nọ́ńbà ló wà lára ríìdì, 2 rọ̀ ju 3 lọ. Ọmọ tó ra ẹnu fèrè tó fẹ̀, tó tún fi ríìdì nọ́ńbà 3 sí i torí pé ọ̀gá ń lò ó, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lóró. Kó tó kọ orin mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti máa ro ó, ohùn á máa lọ sílẹ̀, á sì máa ha.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà gan-an nìyí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ilẹ̀ tí wọn ò ti mọ fèrè. Orlando Julius Ekemode, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó kú lọ́dún 2022, ló gbé àwo Super Afro Soul jáde lọ́dún 1966, sákísófóònù rẹ̀ sì ń ké nínú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ já òrùlé. Ọmọ tó bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, òun náà á fẹ́ kí tòun ké. Lóòótọ́, ẹnu fèrè tó fẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣeré jáàsì àti háílàìfù ń lò. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni wọ́n ti fi fọn fèrè kí wọ́n tó dé ibẹ̀? Ọmọ ọdún méjì nídìí iṣẹ́ ò lè wọ bàtà wọn.

Ọ̀rọ̀ owó tún wá mú un burú sí i. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò ju nǹkan bíi N471 lọ ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá N1,500. Ẹnu fèrè tí wọ́n bá ń ta ní ọgọ́rùn-ún dọ́là, tí ìbá jẹ́ N47,000, ti di N150,000 láì tíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú àti èrè oníṣòwò. Owó oṣù ẹlòmí-ìn kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ó wá yẹ kí ọmọ tàbí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kó irú owó yẹn sílẹ̀ torí orúkọ tí wọ́n kọ sára nǹkan? 4C tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, ike ni wọ́n fi ṣe é, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì ti Vandoren, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọmọ yóò fi kọ́ṣẹ́ fún ọdún mélòó kan wà lára rẹ̀. Àwọn olówó gọbọi, ébónáìtì ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè títí tó fi le. Ohùn rẹ̀ wu ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ bí wọ́n ṣe gbẹ́ inú àti ẹnu rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n fi ṣe é lọ. Èyí tó máa ń bá kílárínẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú wá nínú àpótí rẹ̀ ló sábà máa ń fa ariwo. Ẹni tó bá fẹ́ ta irú fèrè bẹ́ẹ̀ kó lè ra òmíràn, kó kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ ná.

Ríìdì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí òun ló rọjú jù. Bí orí rẹ̀ bá ti ya, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo ẹnu fèrè bí Òṣómàáló ṣe ń wo oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó. Ṣé ṣóńṣó rẹ̀ ti kán, kódà bíi ẹyọ iyanrìn? Ṣé etí rẹ̀ méjèèjì dọ́gba? Kí wọ́n gbé ojú pẹrẹsẹ tí ríìdì ń jókòó lé sórí gíláàsì, bó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ó ti wọ́. Kí wọ́n de ríìdì tútù mọ́ ọn, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìdí rẹ̀, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí ríìdì bá lẹ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kó tó já pọ́ọ̀, ó dára. Bí kò bá lẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Òmíràn tún wà tí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lè bá wọn ṣe: kí wọ́n fọn ẹnu fèrè àti ọrùn kúkúrú tó tẹ̀ lé e nìkan. Lórí kílárínẹ́ẹ̀tì B flat, F sharp ló yẹ kó dún, ìyẹn dúdú àkọ́kọ́ nínú àwọn dúdú mẹ́ta tó tẹ̀ léra lórí kíbọ́ọ̀dù. Bó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gedegbe, bóyá ẹnu náà ni tàbí ètè tó dẹ̀ jù. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn dán an wò, wọ́n á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Kò burú, bí kò bá ti kán, bí eyín kò bá sì tíì gbẹ́ orí rẹ̀ jìn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́ dáadáa, kì í ṣe omi gbígbóná, torí ooru máa ń wọ́ ébónáìtì, á sì jẹ́ kó pọ́n bí ìpẹ̀tà. Oòrùn náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má gbé e sójú fèrèsé mọ́tò. Fífi ẹnu kan ṣoṣo fọn fèrè bíi èèyàn mẹ́rin nínú bándì, ìwà ìdọ̀tí gbáà ni. Ṣọ́ọ̀ṣì lè ni kílárínẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kí oníkálùkù ní ẹnu tirẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra tuntun, kó gbé fèrè rẹ̀ àti ríìdì tó ń lò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kó fọn ohùn ìsàlẹ̀, kó fọn tòkè, kó fọn ọ́n jẹ́jẹ́. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù mìíràn ò ní gbà, wọ́n á ní nǹkan ẹnu ni. Kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kóun dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀, kó má tíì tà á títí oṣù méjì ó fi pé.